Jíìpù Tí Gbogbo Ilé Yóò Wọ̀

Lexus RX 350 àti Lexus GX 460 ni jíìpù bọ̀gìnnì méjì tí àwọn ìdílé tí ọwọ́ wọn ti ń tó ẹnu ní Ògùdù, nílùú Èkó, sábà máa ń gbé síwájú ara wọn tí wọ́n bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí bàbá, ìyá àtọmọ yóò jọ máa wọ̀. Tòkúnbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2010 sí 2015 lojú sì mọ̀ jù ní títì. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, àmì kan náà ló wà níwájú wọn. GX wọ́n ju RX lọ, àmọ́ GX tó ti pẹ́ díẹ̀ àti RX tó ṣì tuntun díẹ̀ lè pàdé lórí iye kan náà, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ọkọ á ní GX lòun fẹ́, torí ó ga, ó sì lágbára. Ìyàwó á ní RX ló rọrùn láti wà dé ilé ìwé àwọn ọmọ. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n orí ìjókòó iwájú ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí òwò mọ́tò mọ̀ pé àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn gan-an ni ọkọ̀ ìdílé wà fún, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà ìṣáájú kò mọ ọkọ̀ yàn. Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, jáde ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló fi ra mọ́tò àkọ́kọ́ láyé wọn. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Òjó, nílùú Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀. Yíyàn kò le nígbà náà. Ẹni tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀nba ra Volkswagen ìjàpá, ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ra Peugeot 504, ọlọ́mọ púpọ̀ á sì wá 504 ẹlẹ́yìn gígùn tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Mẹ́káníìkì abẹ́ igi lè tú ẹ́ńjìnnì wọn palẹ̀ láàárọ̀, kó sì tò ó padà kílẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ra ọkọ̀ fún. Igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni ipò ọlá. Dẹ́rẹ́bà á ṣílẹ̀kùn, ọ̀gá á wọlé, ìyàwó àtọmọ á wáyè síbi tó bá kù. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun pàṣẹ pé ọkọ̀ onínọ́ńbà dídọ́gba àti aláìdọ́gba kò gbọdọ̀ jọ jáde lọ́jọ́ kan náà ní Èkó, kí títì lè fúyẹ́. Ohun tí àwọn olówó ṣe ni pé wọ́n ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà tirẹ̀ yàtọ̀. Títì kò fúyẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó kan ti ibẹ̀ di onímọ́tò.

Ìdílé òde òní ní Ògùdù kò rí bíi ti ìgbà náà mọ́. Ìyá ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òun náà ló ń gba orí Third Mainland Bridge lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù. Ìyá àgbà tó wá tọ́jú ọmọ tuntun kò padà sílé mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òde ìgbéyàwó. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá dé, ó di ìlú òbí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ọkọ̀, tó wá ń wá bí ilé rẹ̀ yóò ṣe wọ inú rẹ̀, ẹ̀yìn ló ti gbé e wá.

Ìwòran nìkan kọ́ ló fi ìyàtọ̀ sáàárín jíìpù méjèèjì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe Camry àti Highlander ni wọ́n gbà ṣe RX: kò ní ṣáàsì lọ́tọ̀, ara àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ́ńjìnnì V6 tó jẹ́ lítà 3.5 ló wà nínú rẹ̀. Orí ṣáàsì irin ni wọ́n gbé ara GX lé ní tirẹ̀, ìbejì Land Cruiser Prado ni, Prado tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti àwọn àjọ aláàánú ń gùn wọ ìgbèríko káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ́ńjìnnì V8 tó jẹ́ lítà 4.6 ni tirẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló sì ń tì í nígbà gbogbo. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ dáadáa, nígbà tí RX kò pé tọ́ọ̀nù méjì. Ìdí nìyí tí RX fi ń yọ̀ lọ geere lórí àwọn ojú ìsopọ̀ Third Mainland Bridge, tí ọmọ tó sùn lẹ́yìn kò sì ní jí. GX a máa mì bí ọkọ̀ ojú omi níbi tí ọ̀nà bá ti ń yí. Ọmọ tí òòyì máa ń kọ́ nínú mọ́tò, tó sì ń bì, yóò bì sí i nínú GX. Èyí kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan, àmọ́ ìyá tó ti fọ ìjókòó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan mọ̀ ọ́n. Tí ọ̀nà bá wá bàjẹ́ pátápátá, tí kòtò wọ kòtò, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ibi tí RX ti ń ké, tí àwọn igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, GX ń rìn ín láìwẹ̀yìn.

Ìjókòó ni ọ̀rọ̀ tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ni RX ọdún wọ̀nyẹn ń gbà, dẹ́rẹ́bà pẹ̀lú wọn. Ìparí 2017 ni Lexus tó gbé RX 350L tó ní ìlà kẹta jáde, owó ìyẹn sì yàtọ̀. GX ní ìlà mẹ́ta, ènìyàn méje ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó bá gbọ́ méje yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àmọ́ ìlà kẹta yẹn kéré. Àgbàlagbà tó bá jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àyè ọmọdé ni, tí wọ́n bá sì gbé e dìde, ìwọ̀nba ni àyè ẹrù tó kù lẹ́yìn. Ìdílé kan tó ń gbé ní Ògùdù GRA ra GX torí ìlà kẹta yìí gan-an, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti ìyá ọkọ. Ní Kérésì àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í lọ sí Èkìtì, gbogbo èèyàn wọlé, ẹrù ló kù nílẹ̀: àpótí aṣọ, kúlà, àpò ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ gbé fún àwọn ará ilé. Orí ọkọ̀ ni wọ́n di gbogbo rẹ̀ sí. Ìdílé mìíràn ní Ọ̀jọ́ta ra RX, ọmọ méjì ni wọ́n bí nígbà náà. Ìbejì ni wọ́n bí tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan ni wọ́n ti ń wá oníbàárà fún un. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ó sì yẹ kéèyàn ronú kan eku tí wọn kò tíì bí pàápàá.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà kò kéré. Ẹní gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dùn ní láti gùn ún ná. GX ga láti wọ̀. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìró àti bùbá kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀, gèlè sì ń kan òrùlé. Ìyá kan wà tó jẹ́ pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ra GX ló ti ń sọ pé ara òun kò yá fún òde. Ó tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ìtìjú kí wọ́n máa gbé òun láti ẹ̀yìn wọ ọkọ̀ níwájú ẹlẹgbẹ́ òun ni ara àìyá náà. Ènìyàn ń jókòó sínú RX láìgùn ún. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tún wà níbẹ̀. Ti RX ń ṣí lọ sókè. Ti GX ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn ilé, apá ọ̀tún ni ìdè rẹ̀ sì wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà, bí ọkọ̀ bá dúró létí títì ní Ọ̀jọ́ta, ilẹ̀kùn yẹn á dínà mọ́ ẹni tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, yóò sì di dandan kó yí bọ́ sójú títì kó tó lè gbé ẹrù sínú bùútù. Ẹni tó ń ra ọjà Máìlì Túẹ́lìfù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yóò kà á sí.

Ní ti ọ̀nà, ìbẹ̀rù omi ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ra GX ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ tí Ògùdù wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Bí Odò Ògùn bá kún, tí wọ́n sì ń tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, Agbóyì, Ajégúnlẹ̀ àti apá Máìlì Túẹ́lìfù ló ń kọ́kọ́ rí i. Àmọ́ GX fi 206 mílímítà ga kúrò nílẹ̀, RX fi 185. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ. Omi tó bá gbé RX lọ kò ní bọ̀wọ̀ fún GX. Ohun tí GX fi ń borí ni òkúta, ẹrẹ̀ àti kòtò, kì í ṣe àgbàrá. Ìdílé tí ìrìn wọn kò kọjá Ògùdù sí Ìkẹjà, tàbí Alápẹ́rẹ̀ sí Erékùṣù, ń san owó agbára tí wọn kò ní lò. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òpópónà tí kò lọ́dà, tàbí tó ń dé oko ní Ẹ̀pẹ́ lóṣooṣù, kò sanwó lásán.

Epo bẹntiróò ló ń gba ẹnu àwọn ènìyàn jù, òun náà sì ni ìṣirò wọn kì í gún nínú rẹ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000 ní Èkó. Ìgbà náà ni ẹnu kò pé V8 á jẹ ilé run. Ìwọ̀n tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká gbé jáde ni pé nínú ìgboro, GX ń mu lítà bíi 16 láti rin 100 kìlómítà, RX tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń tì í sì ń mu lítà bíi 13. Fún ìdílé tó ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi lítà 26 sí 30. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Alápẹ́rẹ̀ kò sí nínú ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí náà kí ènìyàn fi díẹ̀ kún méjèèjì. Owó ni, ṣùgbọ́n owó tí ẹni tó ti ra jíìpù bọ̀gìnnì mọ̀ pé òun yóò ná ni. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn kan ti ń gbé ẹ̀rọ gáàsì CNG sínú ọkọ̀ wọn láti ìgbà tí ìjọba ti ń polongo rẹ̀. Ó ń dín owó kù, àmọ́ bùútù ni sílíńdà ń gbé, GX tó bá gbé e sì ti sọ ìlà kẹta tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á nù.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti àtúnṣe ló ń tú àpò. Ẹ́ńjìnnì inú RX ni irú rẹ̀ wà nínú Camry V6, nínú Highlander, nínú Sienna tí gbogbo ọ̀nà Èkó kún fún. Nítorí náà, ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ìrìn ọ̀sán kan ni sí Ládípò ní Múṣin tàbí Òwódé Onírin. GX ń rí ẹ̀yà ẹsẹ̀ láti ara Prado àti 4Runner, ìyẹn kò ṣòro. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni kò wọ́pọ̀. Àwọn GX olówó gọbọi tún ní ṣọ́ọ̀kì onífẹ́ẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó bá ṣì dáa, ìdẹ̀ra ni. Tó bá jò, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wọlẹ̀, iye tí wọ́n á pè fún tuntun á mú kí olówó rẹ̀ béèrè bóyá méjì ni. Sípíríǹgì lásán ni ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ń fi rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á sì le díẹ̀ sí i fún àwọn tó jókòó sẹ́yìn.

Iṣẹ́ mẹ́káníìkì fúnra rẹ̀ ti yí padà nídìí àwọn ọkọ̀ yìí. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá á ní kí wọ́n dáná sí i, á tẹ́tí, á sọ ohun tó ń ṣe é. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń so mọ́ ọn, ọ̀dọ́ rewáyà tó mọ̀ ọ́n kà sì lè máa gba ju ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ lọ. Èyí dára, àmọ́ ó ti sọ àwọn kan di ẹni tó ń pààrọ̀ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá dárúkọ láìwádìí. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin lára rẹ̀ kí àgbà kan tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tó rí wáyà kan tí eku ti jẹ. Ìdílé tí kò bá ní mẹ́káníìkì tó fọkàn tán kò tíì ṣe tán láti yan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Tòkúnbọ̀ ti ní ìtàn lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó dé. Kùtọnu ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ní ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n lù ní gbàǹjo, tí pánẹ́ẹ̀lì bítà sì fi ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bò. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọjọ́ tí bàlúùnù ààbò kò tú ni ọjọ́ náà sábà máa ń jẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà àti òǹkà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ló ń sọ ìtàn náà fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. J ni nọ́ńbà GX fi ń bẹ̀rẹ̀, torí Japan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ti RX lè jẹ́ J tàbí 2, nítorí láti 2003 ni wọ́n ti ń ṣe RX ní Cambridge, ní Kánádà pẹ̀lú. Nọ́ńbà yìí náà ni wọ́n fi ń wádìí bóyá ilé iṣẹ́ ti pe ọkọ̀ padà fún àtúnṣe. Ní oṣù Kẹrin 2010, ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ra GX 460 torí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń fò jáde bí wọ́n bá fi eré yí kọ́nà. Lexus dá títà rẹ̀ dúró, wọ́n tún ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì pe àwọn tó ti jáde padà. GX 460 láti 2010 dé 2017 tún wà lára àwọn ọkọ̀ tí bàlúùnù Takata wọn lè fọ́n irin sára ẹni tó jókòó síwájú. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba oògùn inú bàlúùnù náà jẹ́, Èkó sì ní méjèèjì lọ́pọ̀. Àtúnṣe yẹn lè ti wáyé ní Amẹ́ríkà kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ òkun, ó sì lè má wáyé. Ẹni tó ra GX láìbéèrè rẹ̀ kò tíì ra ọkọ̀ ìdílé, bó ti wù kó ga tó.

Iyì kò ṣeé yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, àbòsí sì ni kí ènìyàn ṣe bí ẹni pé kò sí. Ohun tó wuni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. GX ń la ọ̀nà fún olówó rẹ̀ ní géètì ẹ̀sìtéètì àti ní òde, agbaṣẹ́ṣe tó ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba sì mọ ohun tó ń bá a ṣe. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ òwò ni ìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n kà á sí owó òwò. Ibi tí ìjà ti ń wá ni kí wọ́n fi orúkọ ìdílé ra irinṣẹ́ òwò. Bàbá á gbé e jáde láàárọ̀, á gbé e wọlé lálẹ́, ìyá á sì máa fi ọkọ̀ kótópó tó ti wà tẹ́lẹ̀ gbé ọmọ mẹ́rin. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ní òpópónà kan ṣoṣo ní Ògùdù.

Tí wọ́n bá fẹ́ tà á, GX kì í pẹ́ nílẹ̀, pàápàá tí oníbàárà bá ti ìlú òkè wá. Owó rẹ̀ kì í sì tètè já. Àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ ló ń ra RX, iye sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè. Èyí ń mú kí àwọn kan ra GX bí ẹni tó tọ́jú owó pa mọ́. Kò burú, àmọ́ ìṣirò ìdílé ní àkókò tirẹ̀. Láti ìgbà tí àkọ́bí bá ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi wọ fásitì, ó tó ọdún méjìlá, kò sì sí jíìpù tòkúnbọ̀ tí wọ́n fi ń kà á tán. Ìdílé tí ọmọ wọn kò ju méjì lọ, tí gbogbo ìrìn wọn sì wà lórí ọ̀dà, RX yóò sìn wọ́n. Tí òkú àgbà bá sì kan ìlú, kí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ méjì yẹn. Ọlọ́mọ mẹ́rin tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ṣì kéré lè ra GX, kó sì jẹ́ èyí tó ní sípíríǹgì. Tí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá ti ga ju ìlà kẹta lọ, wọn kò ní gbà láti jókòó síbẹ̀ mọ́, ìgbà náà ló yẹ kó tà á, kó fi owó rẹ̀ wá ohun mìíràn.